Ìdí Tí Gìtá Tí A Gbà Sílẹ̀ Nílé Fi Ń Gún Etí

Kí èèyàn dúró sáàárín yàrá tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ní Kubwa tàbí ní Lugbe l'Abuja, kó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí àtẹ́wọ́ náà bá dún tán tí nǹkan kan ṣì ń han ṣínríṣínrí lẹ́yìn rẹ̀, gìtá tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀ yóò gún etí, ì báà jẹ́ máìkì olówó gọbọi ni wọ́n lò.

Táìlì ló wà nílẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù ló yí yàrá ká, fèrèsé jẹ́ gíláàsì, POP ló sì wà lókè. Kò sí ọ̀kan tó ń mu ohùn nínú wọn. Ìró ń rìn tó nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohùn tó lọ kan ògiri tó wà ní mítà kan, tó sì padà wá, á pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Méjèèjì á dàpọ̀, wọ́n á pa ohùn kan rẹ́, wọ́n á gbé òmíràn sókè, gìtá á wá máa dún bíi pé inú agolo ló wà. Láàárín 2,000 sí 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni etí èèyàn ti ń tètè gbọ́ nǹkan jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìró píìkì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta gìtá, lára wáyà pọ̀ sí.

Ní Abuja, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tún ń dá kún un. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti fèrèsé pa, gíláàsì tí wọ́n tì náà á sì máa dá ohùn padà. Ó sàn kí wọ́n dúró di òru tí jẹnẹrétọ̀ bá ti kú, tàbí kí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo gíláàsì. Kí wọ́n gbé fóòmù ibùsùn dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ta gìtá, torí ọ̀hún ni máìkì kọjú sí, kí wọ́n sì tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri fúyẹ́ jù, ìdọ̀tí ló ń kó jọ.

Iwájú ihò gìtá ni ọ̀pọ̀ ń gbé máìkì sí. Ohùn ìsàlẹ̀ á kún ibẹ̀, á máa hó hùn-ùn; wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gbé ohùn òkè sókè kó lè mọ́, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í gún etí nìyẹn. Ọ̀gangan frẹ́ẹ̀tì kejìlá (frẹ́ẹ̀tì ni irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá ṣì ń gún etí, kí wọ́n yí imú máìkì díẹ̀ kúrò lára wáyà. Ohùn òkè ló máa kọ́kọ́ dínkù.

Wáyà tuntun máa ń han ju wáyà tí wọ́n ti ta fún ọjọ́ mélòó kan lọ. Píìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ta ṣá-ṣá. Ẹran àtàńpàkò rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọyẹ́ bá wá dé, igi gìtá á gbẹ, ojú rẹ̀ á wọlé díẹ̀, wáyà á sún mọ́ frẹ́ẹ̀tì, á sì máa dún jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀ bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí EQ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ sókè tàbí wálẹ̀, tó lè yọ ìyẹn kúrò. Kí wọ́n lu ihò sára ike ọṣẹ, kí wọ́n ki kànrìnkàn tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dáadáa bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà nínú àpótí gìtá. Ọ̀rinrin tí gìtá onígi ń fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọyẹ́ kì í fi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Àríwá.

EQ ló gbẹ̀yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ojú kan tóóró lára ohùn sókè, wọ́n á máa wọ́ ọ láàárín 2,000 sí 5,000 Hz títí ó fi máa dun etí, wọ́n á wá fà á wálẹ̀ níbẹ̀ ní dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) méjì tàbí mẹ́ta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹni tó bá fa dB mẹ́wàá wálẹ̀, gìtá rẹ̀ á dún bíi pé wọ́n da aṣọ bò ó. Bí mẹ́ta kò bá tó, kó padà lọ sún fóòmù yẹn.