Súìsì Tí A Kò Tẹ̀ Kì Í Ṣe Òdo

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to géètì AND, OR àti NOT (àwọn ẹ̀yà iná kéékèèké tó ń gba 0 tàbí 1 wọlé, tó sì ń mú 0 tàbí 1 jáde) pọ̀ kí wọ́n lè ṣèpinnu, bírò àti ìwé ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé fún un. Waya ṣì ń bọ̀.

Ẹ wo iná àtẹ̀gùn tó ní súìsì méjì: A nísàlẹ̀, B lókè. Èyí tí a tẹ̀ jẹ́ 1, èyí tí a kò tẹ̀ jẹ́ 0. Ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n lè gbà wà: 00, 01, 10, 11. Ẹ kọ ohun tí iná yóò ṣe síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: kú, tàn, tàn, kú. Àtẹ òtítọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó kọ ọ́ tán ti ṣe èyí tó le jù. Ìṣirò ló kù. George Boole, onímọ̀ ìṣirò, ti tẹ ìṣirò ọ̀hún jáde lọ́dún 1854, Claude Shannon, onímọ̀ ẹ̀rọ iná, sì fi hàn lọ́dún 1937 pé súìsì iná ń tẹ̀lé e.

Géètì tó ń ṣe báyìí ni XOR. NAND mẹ́rin tó láti fi kọ́ ọ. NAND, ìyẹn AND tí NOT tẹ̀ lé, máa ń mú 1 jáde, àfi bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ibi tí iná ń gbà wọlé, bá jẹ́ 1. Ẹ so A àti B mọ́ NAND kìíní. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, ẹ pín in fún ìkejì àti ìkẹta. A bá a wọ ìkejì, B bá a wọ ìkẹta. Ohun tó bá jáde lára àwọn méjèèjì, ìkẹrin ni kí ẹ kó o fún. Mẹ́rin gẹ́lẹ́ ló wà nínú chip 74HC00: ẹsẹ̀ 14 fún iná, ẹsẹ̀ 7 fún ilẹ̀, ìyẹn ojú 0 fólítì. Inú mi ṣì máa ń dùn pé kò ṣẹ́ ku ìkankan.

Odindi ọ̀sán kan ni mo fi jìyà níbí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo to gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ bí mo bá ti na ọwọ́ sún mọ́ waya, iná LED á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo pààrọ̀ chip, pàbó ló já sí. Mo ti gbà pé súìsì tí n kò tẹ̀ ti di 0. Rárá o. Súìsì tó ṣí sílẹ̀ kò so ẹnu géètì mọ́ nǹkan kan, ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe 0, kì í sì í ṣe 1. Ìwọ̀nba iná tó ń fò kiri láyìíká ló ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Resistor (ẹ̀yà tó ń dín ìṣàn iná kù) 10,000 ohm láti ẹnu náà lọ sí ilẹ̀ ló yanjú ẹ̀: bí a kò bá tẹ súìsì, á fà á wálẹ̀ sí 0, bí a bá tẹ̀ ẹ́, fólítì 5 tí súìsì gbé wá á borí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sí A, ẹ fi ọ̀kan sí B, kí ẹ tó tan iná rárá.