Restore point: kí ló lè dá padà nígbà tí àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà bá pòórá?

Restore point ni àkọsílẹ̀ tí Windows ń ṣe nípa ara rẹ̀ ní ọjọ́ àti wákàtí kan pàtó: àwọn ètò tó wà lórí rẹ̀, àwọn dráífà tó ń lò (ìyẹn ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀), bí wọ́n ṣe tò ó. Bí nǹkan bá wá dàrú lẹ́yìn náà, ẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ dídá-padà yìí ni Microsoft ń pè ní System Restore. Windows Me ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2000, kò sì tíì kúrò nínú Windows títí di òní, àmọ́ kọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sí báyìí, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ó wà.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń wá àyè lórí dísìkì C, ó wá yọ ètò tó fi ń ṣe ìṣirò owó ọjà kúrò, ó tún yọ dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní kó lọ wá ètò tí ń hú fáìlì tó ti parẹ́ jáde. Àwọn mìíràn á ní, “Ẹ gbé e wá, ká bá yín fọ́máàtì ẹ̀.” Ti àkọ́kọ́ kì í sábà ran irú àdánù yìí lọ́wọ́. Ìkejì lè sọ àdánù kékeré di ńlá, nítorí fọ́máàtì á gbé ohun tó kù náà lọ.

Ohun tó fà á ni pé ètò tí a fi sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo. Fọ́tò jẹ́ fáìlì: ẹ dà á kọ sórí fláàṣì, ó ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ètò sórí Windows, apá kan rẹ̀ á lọ sínú fódà Program Files, apá kan á lọ sínú ProgramData, bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ á wà nínú AppData, àwọn fáìlì DLL kan tí òun àti àwọn ètò mìíràn jọ ń lò lè wọ inú fódà Windows gan-an. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ rẹ̀ á wọ registry, ìyẹn ìwé ńlá tí Windows ń kọ gbogbo ohun tó gbà sílé sí. Ayálégbé ni ètò jẹ́ lọ́dọ̀ Windows. Ẹni tó lọ da Program Files kọ láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó ẹrù ayálégbé wọ yàrá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé onílé, wọn kò fún un ní kọ́kọ́rọ́, ará ilé kankan kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ètò kéékèèké kan wà tí kò nílò ìforúkọsílẹ̀ rárá, wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì lásán. Àwọn ńlá bíi Word tàbí ètò ìṣirò owó kò sí lára wọn.

Restore point lè ran èèyàn lọ́wọ́ nítorí pé ìwé onílé àti ẹrù ló ń tọ́jú papọ̀. Registry wà nínú rẹ̀, àwọn fáìlì Windows wà níbẹ̀, fáìlì tí ètò fi ń ṣiṣẹ́, bí èyí tó parí pẹ̀lú .exe tàbí .dll, náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista, apá kan nínú Windows tó ń jẹ́ Volume Shadow Copy ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́lẹ̀. Kì í da gbogbo dísìkì kọ. Bí apá kan lórí dísìkì bá fẹ́ yí padà, ó máa ń kọ́kọ́ gbé ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí tuntun tó bọ́ sípò rẹ̀. Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un kò pọ̀. Bó bá kún, èyí tó pẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ dànù, nítorí náà, ẹ má ṣe wá ti ọdún tó kọjá. Lórí Windows 11 ẹ̀yà 24H2, láti ìgbà ìmúdójúìwọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025, 60 ọjọ́ ni restore point lè pẹ́ dé.

Lẹ́tà, fọ́tò àti orin yín kò kàn án. Kò ní pa wọ́n rẹ́, kò sì ní dá èyí tí ẹ ti pa rẹ́ padà. Àwọn tó ń retí pé àkọsílẹ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ á tibẹ̀ jáde máa ń já kulẹ̀.

Kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ rí i dájú pé ètò náà ti lọ lóòótọ́. Àwòrán kékeré tí a ń tẹ̀ lórí desktop kì í ṣe ètò. Ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ètò lásán ni, bí ẹ bá pa á rẹ́, ètò ṣì wà. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú Start kí ẹ wò ó. Nígbà mìíràn, Windows ló kùnà láti ṣí àkáǹtì yín dáadáa, ó wá gbé yín wọ àkáǹtì onígbà díẹ̀. Gbogbo desktop á ṣófo, ọkàn èèyàn á sì fò lọ, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kan kò sọnù. Windows máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé temporary profile ni ẹ wà. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ má sì fi iṣẹ́ kankan pa mọ́ síbẹ̀, torí yóò parẹ́ bí ẹ bá jáde.

Bó bá dájú pé ètò ti lọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ rstrui, kí ẹ tẹ Enter. Àwọn restore point tó wà á jáde pẹ̀lú ọjọ́ wọn àti ohun tó fa ṣíṣe wọn: ìmúdójúìwọ̀n, dráífà tuntun, tàbí ètò kan tí ẹ fi sórí rẹ̀. Ẹ mú èyí tó ṣáájú ọjọ́ tí nǹkan sọnù, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọjá. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ “Scan for affected programs,” èmi ò sì rí ohun tó wúlò tó o nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó máa ń gbé àtẹ méjì jáde. Àtẹ òkè ni àwọn ètò tí yóò kúrò, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ẹ fi wọ́n sórí rẹ̀. Àtẹ ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n padà. Bí ètò tí ẹ ń wá kò bá sí nísàlẹ̀, asán ni ìrìn àjò náà. Bó bá wà níbẹ̀ pàápàá, Windows kò ṣèlérí: ó ń kìlọ̀ pé àwọn kan nínú wọn lè má ṣiṣẹ́ dáadáa títí ẹ ó fi tún wọn fi sórí rẹ̀.

Iná ńkọ́? Bí dídá-padà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kú lágbedeméjì. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà onítábìlì tí kò ní UPS tàbí inverter, kó dúró de ìgbà tó dá a lójú. Bí Windows kò bá tàn mọ́ rárá, ọ̀nà wà láti inú Troubleshoot, Advanced options, System Restore. Kọ̀ǹpútà tó ní BitLocker, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, lè béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Dídá-padà tí ẹ ṣe láti inú Windows ṣeé yí padà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Èyí tí ẹ ṣe láti Troubleshoot kò ṣeé yí padà.

Ibi tí restore point kò ti lè gbà yín ni Reset this PC, ìyẹn títún Windows gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rí “Keep my files,” ọkàn wọn á balẹ̀. Lóòótọ́, fáìlì á kù, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sórí rẹ̀ á lọ pátá. Windows máa ń fi ojú ìwé kan tó ń jẹ́ Removed Apps sílẹ̀ lórí desktop, tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́, òun ni ẹ ó máa wò tẹ̀ lé. Èyí tó wá láti Microsoft Store wà nínú Library níbẹ̀, Microsoft 365 wà nínú àkáǹtì yín, dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ibi tó ti ń le ni ètò tí ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe fi sórí rẹ̀ láìra á, tó já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò sí àkáǹtì kankan tó mọ̀ yín mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn náà ni ẹ ó tún padà sí, pẹ̀lú owó mìíràn lọ́wọ́.

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pípa ni System Protection wà látilẹ̀ wá, restore point kan kò sì ní sí nínú àtẹ yẹn. Ẹ kọ “Create a restore point” sínú Start, ẹ mú dísìkì C, ẹ wọ Configure, ẹ tàn án, kí ẹ fún un ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dísìkì. Ẹ wá tẹ Create, kí ẹ fún un ní orúkọ tí yóò yé yín. Ẹni tí kò bẹ̀rù láti tẹ àṣẹ lè ṣí Terminal kó lo winget, irinṣẹ́ Windows tó ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà, kó kọ winget export -o ètò.json. Yóò kó orúkọ àwọn ètò tí winget mọ̀ sínú fáìlì kan, èyí tí winget import -i ètò.json lè fi tún wọn gbé wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tí winget kò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ rírà ni ẹ rà á.