POST: ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kí ojú mọ́nítọ̀ tó mọ́lẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àbúrò mi kan tó ń fi fídíò ṣíṣe jẹun pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi tán. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń yí o! Fáànù ń yí, iná ń tàn, àmọ́ No Signal ni mọ́nítọ̀ ń kọ." Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń to kọ̀ǹpútà kékeré náà pọ̀, irú èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ, tí èèyàn lè sọ sí báàgì gbé lọ síbi iṣẹ́. Ẹyọ ẹyọ ló ra gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti dá bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà tó kù ń so mọ́) lẹ́jọ́ ikú, ó ní òun á gbé e padà fún ẹni tó tà á tó bá di Mọ́ńdè.

Mo ní kó fara balẹ̀. Mo wá bi í pé, "POST dé ibo?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mọ́nítọ̀ ló ń kọ "No Signal", kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí mọ́nítọ̀ sì ń sọ kò ju pé, "Láti ojú ihò yìí, mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni." Kò mọ̀ bóyá ẹni tó wà lódìkejì wáyà ti kú, tàbí ó ṣì ń múra, tàbí ojú ihò mìíràn ló ti ń sọ̀rọ̀. Èèyàn ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí nìkan dá ẹjọ́ bọ́ọ̀dù.

POST ni ìkékúrú Power-On Self-Test. Àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ara rẹ̀ ní kété tí iná bá dé bá a ni, kí Windows tàbí Linux tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun. IBM PC tó jáde lọ́dún 1981 ti ń ṣe é: tára rẹ̀ bá le, á ké "píì" kúkúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí tíṣà tó máa ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀. Tíṣà yẹn ni BIOS, ètò kékeré tó ń gbé inú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ (UEFI lórúkọ rẹ̀ tòde òní, àmọ́ BIOS ṣì ni gbogbo wa ń pè é). Á pe processor (ọpọlọ ẹ̀rọ), á pe RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), á pe graphics card (káàdì tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀), á wá pe ibi tí a kó Windows sí. Àmọ́ tíṣà yìí le. Tó bá pe RAM tí RAM ò dáhùn, kò ní sàmì sí i pé kò wá kó bọ́ sórí orúkọ tó kàn. Ibẹ̀ ló máa dúró sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí graphics card bá tó dáhùn ni ojú mọ́nítọ̀ tó lè mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn processor, àìsàn RAM àti àìsàn káàdì fi jọra wọn lójú ẹni tó ń wo mọ́nítọ̀: dúdú ni gbogbo wọn.

Àwọn èèyàn sì máa ń fi fáànù tan ara wọn jẹ. Fáànù ò nílò ọgbọ́n kankan. Tí 12 volt bá ti kàn án, á yí. Yíyí rẹ̀ kò sọ ju pé iná ń jáde látinú power supply lọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ ibi tí tíṣà dúró sí? Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù òde òní, iná mẹ́rin tín-tìn-tín wà létí kan, tí wọ́n kọ CPU (processor), DRAM (RAM), VGA (graphics card) àti BOOT (ibi tí Windows wà) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kéré débi pé wọ́n rọrùn láti fojú fò, pàápàá tí bọ́ọ̀dù bá ti wọ inú kéèsì. Tí a bá tan ẹ̀rọ, iná á máa sá látorí ọ̀kan sí èkejì. Èyí tó bá dúró tí kò kú mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà méjì ni bọ́ọ̀dù mìíràn ń gbé jáde dípò iná, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ máa ra sípíkà kékeré kan kàn án, kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tó ké.

Iná tó dúró kì í fi gbogbo ìgbà tọ́ka sí ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an o. Inú processor ni ẹ̀ka tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ wà nísinsìnyí. Tí iná DRAM bá kọ̀ tí kò lọ, ó lè jẹ́ pé RAM ò wọlé dáadáa (ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ró "kọ́"), ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan lára abẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ processor ló tẹ̀. Ibi tí processor AM5 (irú kan tí ilé iṣẹ́ AMD ń ṣe) ń jókòó sí ní abẹ́rẹ́ 1718, wọ́n sì tín-ín-rín bí irun. Mo ti rí ibi tó jẹ́ pé ẹnì kan de sùkúrù cooler (ohun tó ń mú processor tutù) lápá kan jù, tó wá tú u díẹ̀, tí RAM tó "bàjẹ́" sì jí.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún lásán lórí AM5. Nígbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá tàn, bọ́ọ̀dù á máa dán RAM DDR5 wò láti mọ ìwọ̀n eré tó lè sá. Èyí lè gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú mọ́nítọ̀ á sì dúdú ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ á ti pa á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á tún tàn án, wọ́n á tún pa á, bẹ́ẹ̀ gbogbo pípa yẹn ló ń dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tàn án, kẹ́ ẹ lọ jẹun.

Kọ̀ǹpútà kékeré wá ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mini-ITX ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀dù tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ VIA gbé jáde lọ́dún 2001: sẹ̀ǹtímítà 17 ní gígùn, 17 ní fífẹ̀. Ojú ihò kan ṣoṣo ló máa ń wà fún graphics card, ti RAM méjì. Gbogbo nǹkan há mọ́ra. Wáyà tó ń gbé iná fún processor máa ń wà ní kọ̀rọ̀ lókè, lábẹ́ cooler, níbi tí ìka ò ti lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹnu mẹ́jọ ló ní, ti graphics card náà lẹ́nu mẹ́jọ, dúdú sì ni àwọ̀ àwọn méjèèjì. Ti processor pín sí mẹ́rin àti mẹ́rin; ti káàdì pín sí mẹ́fà àti méjì. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi agbára tì í, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ àbúrò mi wà ni riser. Nínú ọ̀pọ̀ kéèsì kékeré, graphics card ò dúró lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, tí wáyà pẹlẹbẹ kan á wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Wáyà yẹn ni riser. PCIe ni ọ̀nà tí káàdì àti bọ́ọ̀dù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí PCIe 3.0, ìsọfúnni ń kọjá nígbà bílíọ̀nù mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lórí PCIe 4.0, ó di mẹ́rìndínlógún. Bọ́ọ̀dù B550 àti processor Ryzen 5 5600 tó rà mọ PCIe 4.0, káàdì rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì bá fẹnu kò pé eré mẹ́rìndínlógún làwọn máa sá. Kò sẹ́ni tó bi riser, tí wọ́n ṣe fún PCIe 3.0. Ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà méjì bá fẹnu kò lórí ẹrù, tí ẹni tó máa rù ú ò sì sí níbẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ò le: ẹ wọ BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PCIe sí, ẹ yí i kúrò ní Auto sí Gen 3 (ìyẹn PCIe 3.0). Ojú ò tiẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibi tó ti le ni pé èèyàn ò lè wọ BIOS tí kò rí. Tí processor bá ní graphics tirẹ̀ nínú, ẹ yọ káàdì, kẹ́ ẹ ki HDMI bọ ara bọ́ọ̀dù. Ryzen 7 7700 ní in. Ryzen 5 5600 ò ní in, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Intel tí lẹ́tà F wà nídìí nọ́ńbà rẹ̀. (Ibí yìí náà ni àṣìṣe tó rọrùn jù wà: káàdì wà nínú ẹ̀rọ, èèyàn wá ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ ara bọ́ọ̀dù tí processor rẹ̀ ò lè ya àwòrán. Ẹ yẹ èyí wò kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun.)

"Iná wo ló dúró?" mo bi í.

Ó lọ gbé tọ́ọ̀ṣì. "VGA."

Ìyẹn túmọ̀ sí pé processor ti dáhùn, RAM ti dáhùn. Bọ́ọ̀dù tó ti kó sínú páálí lọ́kàn rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun. Mo ní kó yọ wáyà iná lára ògiri, kó fọwọ́ kan irin kéèsì kó tó mú nǹkan (ọyẹ́ ló wà níta, iná ara máa ń pọ̀ lásìkò bẹ́ẹ̀), kó sì má ṣe tú power supply fúnra rẹ̀ bó ti wù kó rí. Ó yọ gbogbo rẹ̀ jáde, ó tẹ́ bọ́ọ̀dù lé orí páálí tó bá a wá, ó fi RAM ẹyọ kan sílẹ̀, ó ki káàdì bọ bọ́ọ̀dù tààrà láìsí riser. Kò sí súìṣì níta, nítorí náà, ó fi ẹnu screwdriver kan abẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n kọ PWR sí, fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé e kúrò.

Iná CPU, iná DRAM, iná VGA. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù. Ó wá pariwo tó jí ará ilé.

Ó yí i sí Gen 3, ó fi í pamọ́, ó to gbogbo rẹ̀ padà sínú kéèsì pẹ̀lú riser. Ó ti lé ní aago kan òru kó tó parí, àwòrán sì wà lójú mọ́nítọ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ó tún pè. Ó ti ń yí eré RAM kiri, ẹ̀rọ kọ̀ láti tàn, ó bá yọ bátìrì CR2032 tó wà lára bọ́ọ̀dù kí BIOS lè gbàgbé gbogbo ohun tó ṣe. "Mo ti dá a padà, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ó tún ti dúdú."

"Iná wo…"

"VGA," ó ní. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ti gbàgbé Gen 3 náà, àbí?" Ẹ̀rín ló wá pa á, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wá screwdriver.