Òjé kì í ṣe kòkòrò

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ omi kànga ní àdúgbò wa ní Múṣin, ẹnì kan á ní, "Ẹ ju álọ́ọ̀mù sí i, kẹ́ ẹ sè é, gbogbo májèlé á lọ." Lọ síbo? Ẹ̀yìn ilé wa báyìí ni àwọn oníbátìrì ọkọ̀ ń da omi wọn sí, òjé (lead) inú bátìrì sì ń bá a lọ.

Ti sísè kò gba àlàyé. Kòkòrò ni iná ń pa. Omi ló ń bá oru lọ, òjé ò kúrò nínú ìkòkò, èyí tó ṣẹ́ kù sì tún le sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fẹ́ kó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ojú wo ló fẹ́ rí ìyẹn?

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí, láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n sun, kì í ṣe ọsàn) ni wọ́n ń dà sínú omi ìdọ̀tí títí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó máa ń ga bí kíkan omi bá ṣe ń dín kù, á fi dé bíi 9 tàbí 10. Òjé tó ti yọ́ á wá dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ó kúrò nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ṣù jọ sí, kì í jẹrà, kì í kú. Bí omi bátìrì, tó jẹ́ ásíìdì, bá tún kàn án, á tún yọ́ padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá onílé wa rọra da omi kànga tí álọ́ọ̀mù ti mú tòrò sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi ọwọ́ gbo ìdí garawa, wọ́n da ẹrẹ̀ rẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀. Ajílẹ̀ ni, wọ́n ní. Mo ní, "Mà, ẹni tó máa jẹ tẹ̀tẹ̀ yẹn ńkọ́?" Wọ́n ní ìwé ló ń dà mí láàmú.

N ò ní álọ́ọ̀mù ò wúlò o. Òjé tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lè bá a sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ti yọ́ mọ́ omi ni mò ń bẹ̀rù. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú kànga tiwa. Láìgbé e lọ síbi àyẹ̀wò, ta ló mọ̀? Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bá jà jù. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, níbi tí eruku òkúta wúrà ti kó o wọlé, ọmọ tó ju 400 ló pa. Nítorí náà, bí oníbátìrì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yín, ẹ má fi omi rẹ̀ po mílíìkì ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sè é.