Lábẹ́ Irin Ògún Ni Pọ́díkáàsì Ọdẹ Ti Ṣẹ̀ Wá

Àwọn tó ń gbọ́ pọ́díkáàsì ọdẹ, ètò ọ̀rọ̀ ẹnu tí à ń gbọ́ lórí fóònù, lónìí a máa rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni nǹkan náà ti wá. Lóòótọ́, oṣù kejì ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, kọ ọ̀rọ̀ náà podcast sínú ìwé ìròyìn Guardian. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Apple gbà á sórí iTunes, ètò orin rẹ̀. Orúkọ àti ẹ̀rọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ jókòó, kó sọ ọ̀nà tó gbà, ohun tó rí, bó ṣe yìnbọn àti ìdí tó fi yìn ín, káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa wádìí rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, lójú tèmi, àṣà Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni, ó sì ti wà kí òyìnbó tó dé. Mo gbà pé inú rẹ̀ náà ni òfin tó ya ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jí ẹran pa ti jáde.

Orí ẹni tó tẹ Àkúrẹ́ dó ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ aládé láti Ifẹ̀ ni Ọmọrẹ́milẹ́kún, ìran Odùduwà, ọdẹ sì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Aṣọdẹbóyèdé. Àwọn àgbà ní ó kọ́kọ́ gbé Igbó Ìpólé, nítòsí Ìgbàrà-Òkè, kó tó dé ibi tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti já, tí àkún rẹ́, tí ìlú fi gba orúkọ.

Ẹ wá fi ojú inú wo bí wọ́n ṣe rin ìrìn yẹn. Ọdẹ kì í kó ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ wọ igbó tí kò mọ̀. Òun ni yóò ṣíwájú lọ, àwọn yòókù á dúró sí abà. Bó bá padà dé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n á máa wò, nítorí ohun tó bá sọ ni wọ́n á tẹ̀ lé. Bó bá parọ́ pé omi wà níwájú, òùngbẹ ni yóò pa ìyá rẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Ihà wo lomi ọ̀hún ń ṣàn sí? Ẹsẹ̀ ẹfọ̀n tí o rí, ti òru àná ni àbí ó ti pẹ́? Àgbà ọdẹ kò sì ní jẹ́ kó dáhùn lásán. Ojú ẹsẹ̀ tí etí rẹ̀ ṣì mú, tí ewé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, tuntun ni. Èyí tí aláǹtakùn ti ta lé lórí, tàbí tí òjò ti kán ihò wẹẹrẹ sí, ẹran ibẹ̀ ti jìnnà. Bí ìmí ẹran bá ti gbẹ lẹ́yìn ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fojú díwọ̀n àkókò tó kọjá. Mo rò pé ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó kò lè ṣe kó má ní irú àpéjọ báyìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì ṣòro fún mi láti rí ibi tí ì bá tún ti ṣẹ̀.

Àwọn kan ní inú ìjálá ni gbogbo rẹ̀ ti wá, wọ́n á sì gbé iyì náà fún Ọ̀yọ́. Ìjálá dùn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá oníjálá dúró, oríkì tó ṣì kì ni wọ́n ń tún fún un. Wọn kì í bi í bóyá abo ni ẹran náà tàbí akọ.

Ìbéèrè abo tàbí akọ yìí ni òpó òfin ọdẹ. Ọdẹ àgbà kì í mọ̀ọ́mọ̀ pa aboyún ẹran tàbí èyí tó ń tọ́mọ. Bí ẹran bá gba ọta tó sì sá, ojúṣe ẹni tó yìnbọn ni láti tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi rí i. Bó bá pa ẹkùn, awọ rẹ̀ di ti ààfin. Ẹran tí a pa a máa kárí ilé àti aládùúgbò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Irin ni wọ́n sì fi ń de gbogbo rẹ̀. Ní Oǹdó, níbi tí ọdún Ògún ti ń mi ìgboro tìtì di òní, ta ni yóò fi ẹnu kan irin Ògún kó tún purọ́? Àní ilé ẹjọ́ ìjọba lónìí ń gbà kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi irin búra.

Ọdẹ òru ló jẹ́ kí ìbúra yìí ṣe pàtàkì jù, pàápàá lẹ́yìn tí àtùpà kábáàdì dé. Kábáàdì wà nísàlẹ̀, omi wà lókè, omi á máa kán sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gáàsì á gba ẹnu kékeré jáde, iná á sì tàn níwájú orí. Bí omi bá pọ̀ jù, iná á ga sókè, á máa ṣèéfín. Bí èédú bá dí ẹnu rẹ̀, á kú síni lójú, àfi kéèyàn fi wáyà tín-ínrín gún un. Ojú ẹran nìkan ló ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ yìí, ara rẹ̀ kò hàn. Ẹni tó bá yìnbọn sí ojú tó ń dán láìdúró kí ẹran yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kò mọ̀ bóyá ìyá ọlọ́mọ ni, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ajá ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bi í pé: kí lo rí kó o tó fa ìbọn, yàtọ̀ sí ojú?

Òyìnbó mú òfin tirẹ̀ dé. Lọ́dún 1900, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹranko Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin Lacey, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ẹran tí a jí pa kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n pààlà igbó rìsáfù, igbó tí ìjọba fi pamọ́, ní Ìdànrè, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́-Òfosù, ọdẹ tó ń gba ọ̀nà bàbá rẹ̀ kọjá di olè lójú fọ́rẹ́sìtà, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó pe àwọn ọdẹ jókòó kọ́kọ́ bi wọ́n ní òfin tiwọn.

Bí agbára àpéjọ ọdẹ ṣe ń dínkù ni ìpakúpa ń gbilẹ̀. Okùn wáyà kò mọ aboyún yàtọ̀ sí òbúkọ; bí ẹni tó dẹ ẹ́ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ méjì, ẹran á jẹrà sí i. Àwọn kan ń da Gamalin tí wọ́n rà fún kòkòrò oko kòkó sínú odò, kí ẹja lè kú léfòó, májèlé náà á sì bá ẹran dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn mìíràn ń finá sígbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ọ̀yà lè sá jáde, iná á sì gba oko kòkó olóko kọjá. Akíkà kò tilẹ̀ gba ìbọn: bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ, wọ́n á sì gbé e. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nàìjíríà fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń parẹ́, lọ́dún 1974, ó ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1985, wọ́n sì fòfin de òwò akíkà káàkiri àgbáyé lọ́dún 2016. Ìnàkí ìwọ̀nba sì ṣì wà nínú igbó Ìdànrè àti ti Òfosù.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Rédíò gbé ìjálá dé inú ilé, Àmọ̀tẹ́kùn gba ọ̀pọ̀ ọdẹ síṣẹ́ láti ọdún 2020, fóònù sì sọ ẹnikẹ́ni di olóòtú. Ìṣẹ́jú 30 ọ̀rọ̀ ẹnu, bí a bá gbà á ní ìwọ̀n ohùn 64 kbps, kò ju MB 15 lọ, ó sì rọrùn láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ohun tó ń kù nínú ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí ni ìwádìí. Àlejò á sọ pé òun pa àgbọ̀nrín, olóòtú á pariwo, ó tán. Ní Amẹ́ríkà, a ti gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ lórí fídíò tí àwọn fúnra wọn gbé jáde, nítorí ìjọba bi wọ́n ní ohun tí olóòtú kò bi. Kí olóòtú béèrè akọ tàbí abo, iye ọta tó yìn, bí ẹran ṣe rìn jìnnà tó kó tó ṣubú, àti ẹni tó ni igbó. Kó gé orúkọ odò tí ẹran ti ń mumi kúrò nínú rẹ̀, kó sì pa ohun tó ń sọ ibi tí a wà lórí fóònù kó tó ya fọ́tò, nítorí àwọn onísòwò akíkà náà ń gbọ́. Ọdẹ tí kò bá fẹ́ dáhùn, kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́.