Bí Ìkòkò Bonsai Ṣe Dé Tokoname

Ọ̀nà tóóró kan wà ní ìlú Tokoname, ní àgbègbè Aichi ní Jàpáànù, tó ń gun òkè láàárín ògiri méjì tí ẹ ò ní rí búlọ́ọ̀kù lára wọn. Páìpù gọ́tà tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí iná ti sun di pupa rúsúrúsú, ni wọ́n tò jọ sí apá kan. Ìgò amọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń rọ ọtí sí nígbà kan ni wọ́n tò sí apá kejì. Kódà òrùka amọ̀ tí wọ́n máa ń gbé páìpù lé nínú iná ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ìlú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwo tí àwọn tó ń tọ́jú bonsai, ìyẹn igi ráńpẹ́ inú àwo, ń lò káàkiri ayé ti ń wá. Àwọn tó ń sọ ìtàn bonsai kì í sábà mẹ́nu kan gọ́tà, bóyá torí pé kò bá ẹwà mu. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ìkòkò yìí ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Jàpáànù gbọ́dọ̀ gba ìdí gọ́tà kọjá, kó sì kọ́kọ́ yà sílé àwọn tó ń mọ ìkòkò tíì.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbin igi ráńpẹ́ sínú àwo. Nínú ibojì ọmọ ọba Li Xian tí wọ́n kọ́ ní 706, nítòsí ibi tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ̀ sí ní Shaanxi, wọ́n ya ìránṣẹ́ kan sára ògiri, ó gbé àwo pẹrẹsẹ lọ́wọ́, òkúta kéékèèké àti ewéko sì wà nínú rẹ̀. Àwo lásán ni, ó ṣeé bu oúnjẹ sí. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò òdòdó tí wọ́n ń pè ní Jun, ti agbègbè Henan, dé, tí wọ́n ń lò láàfin. Nọ́ńbà wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 10. Èyí tó ní 1 ló tóbi jù, kí ìkòkò àti àwo abẹ́ rẹ̀ má baà ṣìnà ara wọn. Àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwọn onímọ̀: àwọn kan ní ìgbà ìjọba Song (960 sí 1279) ni wọ́n mọ wọ́n, àwọn mìíràn ní ọ̀rúndún 15 ni. Wọn ì báà jà sí i dọ̀la, ihò márùn-ún tó wà ní ìdí àwọn ìkòkò náà ló fà mí mọ́ra jù. Ẹni tó lu ihò sí ìdí ìkòkò kó tó gbé e síná ti mọ̀ pé ohun tó ní gbòǹgbò ni wọ́n máa gbìn sí i.

Ìlú tó wá sọ iṣẹ́ náà di ńlá ni Yixing, ní Jiangsu, létí adágún Taihu. Amọ̀ ibẹ̀ máa ń jáde nílẹ̀ bí òkúta ni. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn títí yóò fi rún, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á sì lù ú. Ìkòkò tíì ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ láti ìgbà ìjọba Ming (1368 sí 1644), wọn kì í sì í lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò láti mọ ọ́n. Òòlù igi ni wọ́n fi ń lu amọ̀ náà títí yóò fi pẹlẹbẹ, tí nínípọn rẹ̀ yóò sì dọ́gba láti etí kan dé èkejì. Wọ́n á gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ká a yípo, wọ́n á lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ìka ọwọ́ òsì á wà nínú, ọwọ́ ọ̀tún á mú igi pẹlẹbẹ, á máa fi gbá a níta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìkòkò ti ń yí, títí ejìká rẹ̀ yóò fi tẹ̀ wọnú. Ìwo màlúù tí wọ́n bó fẹ́lẹ́, tí wọ́n rẹ sínú omi, ni wọ́n fi ń dán ara rẹ̀ níkẹyìn.

Oníṣẹ́ Yixing kì í fi irinṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn láti ara igi, ọparun àti ìwo, nítorí pé bí ìkòkò kan bá ní ìrísí tuntun, àfi kó gbẹ́ igi tó bá ìtẹ̀sí rẹ̀ mu. Igi líle tí iṣan rẹ̀ kì í hàn ni wọ́n ń wá, kí àmì rẹ̀ má baà tẹ̀ sára amọ̀. Igi tún ní àǹfààní kan tí irin kò ní: ó ń fa omi díẹ̀ láti ara amọ̀ tútù, amọ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ ohun onígun mẹ́rin, wọ́n á gé amọ̀ pẹlẹbẹ náà sí ègé márùn-ún, wọ́n á so wọ́n pọ̀. Àwo gígùn onígun mẹ́rin tí wọ́n ń gbin igi ahóyaya àti igi páìnì sí lónìí, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ṣe é. Kẹ̀kẹ́ kò lè yí igun jáde.

Jàpáànù ti ní igi inú àwo tipẹ́. Ó hàn nínú àwòrán orí ìwé kíká tí wọ́n yà fún ojúbọ Kasuga ní 1309. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìlú mọ́ àlejò, èbúté Nagasaki nìkan ni àwọn oníṣòwò Ṣáínà lè gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àwo Yixing gbà wọlé. Àwọn ọlọ́rọ̀ àti ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn tíì àti àwòrán àwọn ará Ṣáínà fẹ́ kí igi wọn náà wọ aṣọ ibẹ̀. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú àwọn àwo tó dé náà kì í ṣe fún igi. Òmíràn jẹ́ fún òdòdó inú omi, kò ní ihò rárá, àwọn ará Jàpáànù ló fi irin lu ú. Bí ẹ bá yí àwo àtijọ́ dojú délẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ihò tí wọ́n gé lára amọ̀ tútù máa ń ní etí tó dán, èyí tí wọ́n lu lẹ́yìn iná máa ń ní etí tó mú. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń pè ní kowatari, òun ló sì wọ́n jù lónìí.

Ní ti Tokoname, láti ọ̀rúndún 12 ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò ńlá níbẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n lọ́ bí okùn ni wọ́n ń tò léra wọn, amọ̀kòkò ló sì ń rìn yí ìkòkò ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí Ladi Kwali, ìyá tó wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ṣe ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká mọ ohun tí mò ń wí. (Michael Cardew tó dá ẹbu Abuja sílẹ̀, níbi tí ìyá náà ti ṣiṣẹ́, jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Bernard Leach, Leach sì kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Jàpáànù. Ìbátan náà kò jìnnà tó bí a ṣe lè rò.)

Ní 1872, ẹnjiníà ará Skọ́tlándì kan, Richard Henry Brunton, ń wá páìpù tí yóò fi ṣe gọ́tà àdúgbò àwọn àjèjì ní Yokohama. Páìpù tí ènìyàn fi ọwọ́ mọ kì í rí bákan náà: ọ̀kan á fẹ̀, ọ̀kan á há, ẹnu wọn kì í sì í wọra. Koie Hoju, amọ̀kòkò Tokoname, ló wá ojútùú. Ó ṣe ẹ̀dà igi tí wọ́n á máa mọ amọ̀ sí, páìpù gbogbo sì ń jáde ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ọkùnrin yìí kan náà ló ránṣẹ́ pe Jin Shiheng láti Ṣáínà ní 1878, kó wá kọ́ àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe ń fi igi lu amọ̀ di ìkòkò tíì lọ́nà Yixing. Láàárín ọdún mẹ́fà, ìlú kan ṣoṣo ti ní ẹ̀dà igi lọ́wọ́ kan, ó ti ní igi ìlùmọ̀ lọ́wọ́ kejì, amọ̀ pupa rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kì í ṣe bonsai ni wọ́n ń lé nígbà náà. Tíì àti gọ́tà ni wọ́n ń sun. Ìléru alákàbà, tó gun ẹ̀gbẹ́ òkè bí àtẹ̀gùn, tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ní 1887 ṣì dúró, ihò èéfín rẹ̀ 10 tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gíga wọn kò dọ́gba. Ó ṣiṣẹ́ títí di 1974.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ló lé àwọn ológbà bonsai kúrò ní Tokyo. Ní 1925 wọ́n tẹ abúlé tiwọn dó ní Omiya. Ní 1934, ìpàtẹ bonsai ńlá tí wọ́n ń pè ní Kokufu-ten kọ́kọ́ wáyé ní Ueno, ní Tokyo. Igi ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí Yixing kí wọ́n bá wọn mọ àwo sí i. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 1937 da ọjà náà rú. Lẹ́yìn ogun, bí àwọn ará òkè òkun náà ṣe ń kọ́ bonsai, Tokoname ló gba iṣẹ́ náà mọ́ra.

Ìṣòro tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Amọ̀ máa ń súnkì bó ti ń gbẹ, á tún súnkì nínú iná, àwo gígùn pẹrẹsẹ ló sì máa ń yára wọ́ jù. Nítorí náà wọ́n á tẹ amọ̀ mọ́ ẹ̀dà, wọ́n á fi igi ẹlẹ́nu mímú tẹ igun rẹ̀ nínú kó má ṣí, wọ́n á lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn kí omi lè rí abẹ́ rẹ̀ gbà, wọ́n á sì gé ihò ńlá fún omi àti ihò kéékèèké fún wáyà tó ń di igi mú. Gbígbẹ rẹ̀ ni wọ́n kì í kánjú sí. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná dáadáa: àwo tó bá ń mu omi, òtútù yìnyín máa là á ni. Àwọn tó ń tọ́jú igi páìnì fẹ́ràn èyí tí wọ́n kò fi ohun dídán bò, torí pé ó bá èèpo igi náà mu. Ti igi olódòdó ni wọ́n máa ń fi àwọ̀ dídán bò.

Kyoto ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú ẹ̀yà aláwọ̀ dídán wà. Olórúkọ jù nínú wọn ni Heian Tofuku, tó gbé ayé láti 1890 dé 1970. Kò ní ìléru tirẹ̀. Ti ẹlòmíràn ló ń bá wọn dà á pọ̀ sí. Àwo rẹ̀ kékeré tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ti di ohun tí àwọn olówó ń du lónìí.

Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà, àwọn amọ̀kòkò ti wà báyìí tó jẹ́ pé àwo bonsai nìkan ni wọ́n ń ṣe. Amọ̀ ni wọ́n máa ń rà. Igi tí wọ́n fi ń fa etí àwo ni púpọ̀ nínú wọn ń gbẹ́ fúnra wọn, torí pé ìtẹ̀sí etí ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.