Bí aago ṣe ń mọ ti kálukú nínú maratọ́ọ̀nù elérò rẹpẹtẹ

Tí maratọ́ọ̀nù ìlú ńlá bíi London, Berlin, Chicago tàbí New York bá ti kù díẹ̀ báyìí, ta ló máa gbégbá orókè ni gbogbo ẹnu ń sọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ná: àwọn tó ń sá a lé ní 50,000, àárọ̀ ọjọ́ kan náà, ojú títì kan náà, àwọn kan ò tiẹ̀ ní fojú kan ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún, síbẹ̀ kálukú ló máa mọ iye aago tó fi sá tiẹ̀.

Orí ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 42.195 ni, kò gbọdọ̀ dín. (Inú Òlíḿpíìkì London 1908 ni iye yẹn ti wá, láti ààfin Windsor dé iwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí ní pápá ìṣeré, 1921 ni wọ́n wá sọ ọ́ di òfin.) Àwọn èèyàn rò pé mọ́tò tàbí GPS (ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi téèyàn wà) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, rárá o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni! Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Jones counter mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, tí táyà bá ti ń yí, nọ́ńbà ara ẹ̀ náà á máa yí. Kí kẹ̀kẹ́ yẹn tó dé ọ̀nà eré, á kọ́kọ́ gba orí ọ̀nà gbọọrọ kan tí wọ́n ti fi téèpù onírin wọ̀n, mítà 300 ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí wọ́n lè mọ iye tí nọ́ńbà fi ń yí nínú kìlómítà kan. Tí iṣẹ́ bá parí wọ́n á tún padà lọ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, torí tí oòrùn bá pa táyà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á wú, iye tó ń yí á sì yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Iṣẹ́ sùúrù gidi.

Ẹni tó ń gùn ún ò ní tọ títì bí mọ́tò. Ibi tó yá jù lá máa gé: ní kọ́nà, sẹ̀ǹtímítà 30 péré ló máa fi jìnnà sí etí ọ̀nà, tí kọ́nà míì bá tún yọ lódìkejì, á dábùú títì lọ síbẹ̀ tààrà. Wọ́n á wá fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mítà 42 lápapọ̀, kí ẹni tó bá tún un wọ̀n má lọ bá a pé ó dín. Ìdí nìyẹn tí ariwo "wọ́n rẹ́ wa jẹ, aago ọwọ́ mi ka kìlómítà 42.8" ò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jàre. Ẹni tó ń yà sósì yà sọ́tún kó lè kọjá lára èrò, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi bù sí i, ká má tíì sọ ti ilé gogoro tó ń da GPS rú. Ní London wọ́n tiẹ̀ máa ń fi ọ̀dà búlúù fa ìlà sójú títì láti fi ọ̀nà tó kúrú jù hàn, àmọ́ ẹni tó há sáàárín èrò, ẹ̀yìn ẹni iwájú ẹ̀ ló ń rí.

Wọn ò lè tú gbogbo èrò yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni, àwọn tó yára ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn nọ́ńbà tí wọ́n fi pín-ìnnì kọ́ sáyà, ṣíìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní bátìrì. Ẹní rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà ló ní iná, béèyàn bá ti gba orí ẹ̀ kọjá, rédíò inú ẹní á jí ṣíìpù, ṣíìpù á dárúkọ ara ẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ àsìkò sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ sì máa gbọ́ píì, píì, píì. Ìdí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kẹ́nì kankan má ká nọ́ńbà ẹ̀ nìyẹn.

Ká ní ìbọn dún ní aago 9:00 géérégé, obìnrin kan tó wà lẹ́yìn ò dé ìlà títí di 9:12:30, ó wá parí ní 13:40:00. Aago ìbọn á sọ pé wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 40, ti ṣíìpù á sọ pé 4:27:30, èyí ló máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń du ipò kìíní yàtọ̀, aago ìbọn ni tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló jẹ, torí kò bójú mu kẹ́ni tí wọn ò rí nítòsí wá fi ṣíìpù gba ife.

Wọ́n tún ń tẹ́ irú ẹní yẹn sí kìlómítà márùn-ún márùn-ún. Lọ́dún 1980 tí kò tíì sí ṣíìpù, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosie Ruiz yọ láàárín èrò ìwòran nígbà tí eré Boston kù díẹ̀ kó parí, wọ́n tiẹ̀ fi adé lé e lórí kí àṣírí tó tú, wọ́n wá gbé ipò kìíní obìnrin fún Jacqueline Gareau. Lónìí, ẹni tí ẹní méjì mẹ́ta ò bá rí, wọ́n á bi í léèrè.

Ẹní yìí kan náà ni àpù fóònù tí ẹ fi ń tẹ̀lé èèyàn yín ń lò. Àmì tó ń rìn lórí máàpù yẹn, ojú ò rí onítọ̀hún o, ìṣirò ni, bó ṣe sá a dé ẹní tó gbà kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà fi ń fojú díwọ̀n. Èèyàn yín lè ti di ẹlẹ́sẹ̀ wúwo ní kìlómítà 32, kó máa rìn, kó tiẹ̀ jókòó sétí títì, àmì náà á ṣì máa sá eré lọ lórí fóònù títí yóò fi dé ìtòsí ẹní 35, níbẹ̀ ló máa wá dúró gbagidi tí gbogbo ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù.